Oòrùn Mú, Fíríìjì Kò Tutù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà kan pé oòrùn lè mú jù fún ohun tí ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, ẹ̀rín ni ǹ bá fi dá a lóhùn. Ta ni ó gbọ́ ọ rí pé omi pọ̀ jù fún ẹja? Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní oṣù kẹta ọdún 2024, nínú ilé èmi fúnra mi ní Ìlobùú, ló kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́yìn ọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ni, nǹkan bí aago mẹ́ta. Oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí páànù òrùlé ń dún pàù-pàù, tí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí ń dúró de owó. Lórí òrùlé yìí ni páánẹ́ẹ̀lì sólà mi méjèèjì wà, tí wọ́n ń kọ mànà bíi dígí. Mo ṣí fíríìjì pé kí n bu omi tútù mu. Afẹ́fẹ́ tí ó kọlù mí kò yàtọ̀ sí ti ẹnu ààrò. Yìnyín ti yọ́, omi ti dárogún sí ìsàlẹ̀, àárín omi náà sì ni ìgò ínsúlíìnì ìyá mi mẹ́rin wà. Mo mú ọ̀kan. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ bí sólà ṣe dé ilé mi. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Ìyá mi ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, àtọ̀gbẹ sì ti ń bá a fínra ọjọ́ ti pẹ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ nílé mọ̀ pé oògùn yìí ní ìwà bí ọmọ tuntun: kò fẹ́ ooru, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ dì. Ìgò tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì tí ó tutù ní ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni ibùgbé rẹ̀. Èyí tí a ti ṣí lè fara da ìta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bí ooru ibẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ooru oṣù kẹta nílẹ̀ wa, ta ni yóò bá a ṣàdéhùn? Owó oògùn náà sì ń gun òkè lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí mo bá ti rí owó, mo máa ń rà á pa mọ́.

Ní ti iná ìjọba, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ púpọ̀. Ní 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ó di PHCN ní 2005. Ní 2013 wọ́n pín in tà fún àwọn oníléeṣẹ́ aládàáni. Síbẹ̀, títí di òní, bí iná bá dé, "Up NEPA!" ni àwọn ọmọdé ń ké. Bí ó bá lọ ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan ni mo fi ń gbé fíríìjì náà ró. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó igba náírà ti ń lọ sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Mo wo owó ìfẹ̀yìntì mi, mo wo jẹnẹrétọ̀. Mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn yóò pa èkejì.

Bí mo ṣe lọ bá oníṣòwò kan nìyẹn. Ó tà páánẹ́ẹ̀lì méjì fún mi, wáàtì 250 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tà bátìrì méjì àti ìnfátà kan. Ó sì tà àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọntirólà, tí ó máa ń wà láàárín páánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì bí alárinà. Lẹ́tà mẹ́rin gàdàgbà ni wọ́n kọ sí ojú àpótí yìí: MPPT.

"Bàbá, ohun tó dára jù lọ nìyẹn," ni ó wí. "Òun ló máa ń fa gbogbo agbára inú oòrùn jáde, kì í ṣẹ́ ẹ kù."

Mo san owó. Mo dúpẹ́. Mo tilẹ̀ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un.

Ní ìgbà ọyẹ́, láti oṣù kejìlá, nǹkan ń lọ déédéé. Òwúrọ̀ tutù, fíríìjì tutù, ìyá mi ń gbàdúrà fún mi. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ ti kásẹ̀ nílẹ̀ tí ooru wọlé, ìnfátà bẹ̀rẹ̀ sí í ké "fíì! fíì!" ní aago méjì òru bí ẹni tí olè ká mọ́lé, yóò sì kú. Ẹ wá wo àdììtú náà: bí oòrùn ṣe ń mú sí i ni bátìrì ń kún díẹ̀ sí i. Ẹnì kan ní bátìrì ni kò dára. Òmíràn ní kí n lọ ra páánẹ́ẹ̀lì sí i. Aládùúgbò mi kan tilẹ̀ fi ojú sọ̀rọ̀ pé kí n wádìí, kí n má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ayé.

Nọ́ọ̀sì tí mo gbé ìgò mẹ́rin náà lọ bá gbé wọn sókè wò sí ìmọ́lẹ̀. Ó ní òun kò lè gún ìyá ẹnikẹ́ni ní oògùn tí ó ti jìyà ooru fún ọjọ́ mélòó kan báyìí. A dà wọ́n nù. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, kò bú mi. Ó kàn wí pé, "Owó ló lọ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a fi orí lé e." Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹni tí ó tú àdììtú náà fún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ará Ìfọ́n ni. Ẹnjiníà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, ni èmi náà yóò fi máa pè é níhìn-ín. Ẹni tí kò bá mọ agbègbè wa, kí n sọ ọ́ fún un pé aládùúgbò tímọ́tímọ́ ni Ìlobùú àti Ìfọ́n, lójú títì tó ti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọlọ́bùú ni ọba tiwa, Olúfọ́n ni ọba tiwọn. Ìlobùú ni ilé Erinlẹ̀, Ìfọ́n ni ilé Òrìṣà Olúfọ́n. A ń fẹ́ra wa, a ń ná ọjà ara wa, ọkàdà ni a sì fi ń lọ kí ara wa. Oko ń kan oko, ilé ń súnmọ́ ilé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn sì wà, bí ẹ ó ti rí i níwájú.

Ẹnjiníà dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá." Ó gun òrùlé, kò pẹ́ tí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ó béèrè àpótí MPPT mi. Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ́ sókè díẹ̀, ó hán an, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tíṣà, àpótí yìí fúyẹ́ jù. MPPT tòótọ́ ní wáyà kọ́pà tí wọ́n ká jọ nínú, ó máa ń wúwo. Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná."

Ó yọ mítà kan tí ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú. Ó fi gbá wáyà tí ó ti orí òrùlé bọ̀ mú: áńpíà 7. Ó fi gbá wáyà tí ó ń lọ sí bátìrì mú: áńpíà 7. Ó wò mí bí ẹni pé mo gbọ́dọ̀ ti lóye. N kò lóye.

"Ohun tó wọlé ló jáde, sà. Alárinà yìí kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn so páánẹ́ẹ̀lì mọ́ bátìrì ni, bí ìgbà tí èèyàn so ewúrẹ́ mọ́ igi. Wọ́n kàn kọ MPPT sí i lára ni."

Ó jókòó lórí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní nǹkan méjì ló ń bí agbára iná: fótééjì, ìyẹn ipá tí ó ń ti iná, àti áńpíà, ìyẹn bí iná tí ń ṣàn ti pọ̀ tó. Bí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀ ni a óò rí wáàtì. Lẹ́yìn páánẹ́ẹ̀lì mi, wọ́n kọ ọ́ pé fótééjì 30, áńpíà 8.3, ẹ fi wọ́n ṣe ìlọ́po, nǹkan bí 250 ni. Ṣùgbọ́n páánẹ́ẹ̀lì kì í fúnni ní méjèèjì bí a bá ti fẹ́. Bí a bá fa fótééjì rẹ̀ sókè jù, áńpíà yóò já wálẹ̀. Bí a bá tẹ fótééjì wálẹ̀ jù, áńpíà kò ní pọ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, a ó sì ti pàdánù. Ojú kan ṣoṣo ló wà láàárín tí ìlọ́po méjèèjì ti ga jù lọ. Iṣẹ́ MPPT ni láti wá ojú náà rí, kí ó sì dúró tì í.

Mo ń mi orí bí alángbá, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ mí létí. Ìyá mi tí ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni ó dá sí i.

"Ṣé bí àkàrà ni?"

Àwa méjèèjì yíjú sí i. Àkàrà ni ìyá mi fi tọ́ wa. Ẹ̀bá títì ni ó ti ń dín in nígbà tí kọ́bọ̀ ṣì ń jẹ́ owó.

"Bí mo bá tà á ní kọ́bọ̀ márùn-ún," ni ó wí, "ogún èèyàn ni yóò rà: ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀. Bí mo bá ní kí n tà á ní kọ́bọ̀ kan, ọgọ́ta èèyàn ni yóò rà: ọgọ́ta kọ́bọ̀ ni mo rí, apá mi á sì tún bó. Ṣùgbọ́n bí mo bá tà á ní kọ́bọ̀ mẹ́ta, àádọ́ta èèyàn ni: àádọ́jọ kọ́bọ̀. Ojú owó nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ojú owó ló mọ ọjà."

Ẹnjiníà pàtẹ́wọ́. "Màmá, ẹ̀yin ni ẹnjiníà! Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Ìyá mi kò dúró. "Ojú owó kì í sì í dúró sójú kan. Òwúrọ̀ tí òjò ń ṣẹ́, tí ẹ̀kọ ń gbóná, ti ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀sán gangan, ti ọ̀tọ̀ ni. Ìyá tó bá fi iye kan náà tà láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń fi ọjà ṣòfò."

Ẹ̀yin ònkàwé mi, mo ti ka ìwé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí àlàyé tí ó yé mi ju ti ìyá mi lọ. Ojú ọjọ́ ni ọjà páánẹ́ẹ̀lì. Bí ìkúukùu bá bo oòrùn, áńpíà ni yóò já wálẹ̀ gan-an, fótééjì kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹsẹ̀. Bí ooru bá mú páánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, fótééjì ni yóò wálẹ̀. Wáàtì 250 tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, inú yàrá ìdánwò ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, nígbà tí ara páánẹ́ẹ̀lì wà ní ìwọ̀n 25 Celsius. Lẹ́yìn èyí, bí ooru ara rẹ̀ bá fi 10 gòkè, yóò pàdánù nǹkan bí wáàtì 4 nínú gbogbo 100. Lórí páànù tiwa, nínú oòrùn oṣù kẹta, ooru náà lè dé 65 tàbí 70. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ìmọ́lẹ̀ ni páánẹ́ẹ̀lì ń jẹ. Ooru kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ rárá. Àwa ni a rò pé ohun kan náà ni.

Àdììtú mi tú síbẹ̀. Oníṣòwò yẹn ti de páánẹ́ẹ̀lì mọ́ páànù típẹ́típẹ́, kò sí àyè fún atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀. Ó tún fi wáyà tín-ín-rín gígùn fa iná wálẹ̀, fótééjì ń sọnù lójú ọ̀nà. Bátìrì mi, tí ó jẹ́ oní-24, ń fẹ́ tó 28 kí ó tó lè kún dáadáa. Ooru sì ti lu ojú tí ó dára jù lára páánẹ́ẹ̀lì, tí ó jẹ́ 30 nínú ìwé, wálẹ̀ sí nǹkan bí 24 tàbí 25. Bátìrì ń fa fótééjì sókè, páánẹ́ẹ̀lì kò lè gbé e, áńpíà sì ń sá lọ. Ó dà bí ìyá tí ó takú pé kọ́bọ̀ márùn-ún ni òun yóò tà, nígbà tí ọjà ti wálẹ̀ sí kọ́bọ̀ mẹ́ta. Nínú wáàtì 500 tí mo rà, díẹ̀ lé ní 190 ló ń wọ bátìrì lọ́sàn-án yẹn. Nígbà ọyẹ́, òtútù ló ń gbà mí sílẹ̀ tí n kò mọ̀.

Ohun tí Ẹnjiníà ṣe kò pọ̀. Ó gbé páánẹ́ẹ̀lì sókè kúrò lára páànù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó kọjú wọn sí gúúsù, ó dẹ̀ wọ́n díẹ̀, nítorí pé àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni a wà, ní nǹkan bí ìwọ̀n 8. Fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, apá gúúsù ni oòrùn ti máa ń kọjá lórí wa; dídẹ̀ náà sì ń jẹ́ kí òjò lè fọ eruku lọ. Ó fi wáyà nínípọn rọ́pò èyí tín-ín-rín. Ó so páánẹ́ẹ̀lì méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, kí fótééjì wọn lè pàdé di 60. Bí ooru tilẹ̀ lù ú wálẹ̀ sí 51, ó ṣì jìnnà lókè bátìrì. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi MPPT tòótọ́ sí i, èyí tí ó lè gba 51 náà wọlé, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ sí 27 tí bátìrì ń fẹ́, pẹ̀lú áńpíà tí ó pọ̀ sí i.

Ó tún gbé mítà rẹ̀. Èyí tí ó wọlé: áńpíà 7.4. Èyí tí ó jáde: 13.2. Mo fi pẹ́ńsù ṣe ìṣirò rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà: ó lé ní wáàtì 350. Oòrùn kan náà, páánẹ́ẹ̀lì kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mo sì tún bínú.

Mo bi í léèrè bí àpótí náà ṣe ń mọ ojú owó. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dán an wò ni. Wọn yóò gbé fótééjì sókè díẹ̀, wọn yóò wò ó bóyá wáàtì pọ̀ sí i. Bí ó bá pọ̀, wọn yóò tún gbé e sí i. Bí ó bá dín, wọn yóò yí padà. Wọn kì í sinmi. Ṣùgbọ́n ìkúukùu tí ń sáré lè tàn wọ́n jẹ. Ìyá mi ní òun mọ ìyẹn náà. Ó ní lọ́jọ́ kan, bí òun ti fi owó lé àkàrà báyìí ni lọ́rì Ògbómọ̀ṣọ́ kan dúró, tí èrò ya bò òun. Òun rò pé owó tuntun náà ni ọjà fẹ́. Nígbà tí lọ́rì lọ, àkàrà dì sọ́wọ́ òun di alẹ́. Ẹnjiníà ní àṣìṣe náà gan-an ni MPPT máa ń ṣe bí oòrùn bá ń yọ tí ó ń wọ ìkúukùu. Èyí tí ó bá gbọ́n máa ń tètè padà sọ́nà.

Ọgbọ́n ọ̀hún kì í ṣe ti àná. Ní 1954 ni àwọn onímọ̀ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi sílíkónì ṣe ohun tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná tí ó ṣeé lò. Ní 1958 wọ́n fi irú rẹ̀ sára Vanguard 1 tí wọ́n rán sí òfuurufú. Ohun tí wọ́n gbé lọ sókè ọ̀run ni ó wá dé orí páànù olùkọ́-fẹ̀yìntì ní Ìlobùú. Àbùkù wo ló wá kù, bí kò ṣe ti àwa ènìyàn?

Àwa ènìyàn náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kàn báyìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó ti wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ tún bẹ́ sílẹ̀, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kú, ilé jóná. Ìjọba ìpínlẹ̀ kéde kónílé-ó-gbélé. N kò ní sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ kọ́ ni ìwé ìròyìn, èmi náà kì í sì í ṣe adájọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú títì tí a máa ń fi ọkàdà gbà kí àmàlà tó tutù di ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà. Ẹnjiníà wà ní òdìkejì.

Àsìkò náà gan-an ni fíríìjì yan láti dẹ́rù bà mí. Eruku ọyẹ́ ti nípọn lórí páánẹ́ẹ̀lì. Ìkúukùu òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Ní òru ọjọ́ kejì, ìnfátà ké. Ìgò ínsúlíìnì mẹ́ta ló wà nínú fíríìjì. Ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ti tì. Ìyá mi ń wò mí, kò sọ̀rọ̀.

Mo tẹ Ẹnjiníà láago, ọkàn mi ń mì. N kò mọ̀ bí yóò ṣe gba ìpè láti Ìlobùú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì mọ̀ bí ilé tirẹ̀ ṣì dúró. Ó gbé e. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Bàbá Tíṣà, ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Màmá ńkọ́?"

Mo ní ó wà. Mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ní wọ́n wà láàyè, kò sì fi nǹkan kan kún un. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti fíríìjì, ojú sì ń tì mí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé wá.

"Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ojú àpótí náà fún mi, sà. Mélòó ló ń wọlé, mélòó ló ń jáde?"

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ mo kà á fún un: 3 ló ń wọlé, 5 àti díẹ̀ ló ń jáde. "Alárinà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn," ni ó wí. "Ohun tó jáde pọ̀ ju ohun tó wọlé. Ọjà gan-an ni kò wá. Kí ló ń ṣíji bò wọ́n?"

Mo jáde lọ wò ó. Ẹ̀ka igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi ti gùn láti ọdún tó kọjá. Òjìji rẹ̀ bo igun páánẹ́ẹ̀lì kan. Ẹnjiníà ní nígbà tí méjèèjì ti so pọ̀ tẹ̀lé ara wọn, bí ẹni tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà tóóró ni òjìji náà: ẹni kan ló ti dúró, gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló há. Ó ní kí n gé ẹ̀ka náà. Ó ní ti eruku, kí n dúró di ìdájí ọjọ́ kejì kí n tó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi àti aṣọ rírọ̀. Kí n má ṣe da omi tútù sí dígí tí oòrùn ti yan gbẹ, ó lè sán.

Mo gé ẹ̀ka náà lọ́jọ́ yẹn. Títí ilẹ̀ fi mọ́, inú ìkòkò amọ̀ tí a fi iyanrìn tútù yí ká ni ìyá mi ní kí a gbé àwọn ìgò náà sí. Ọgbọ́n àtijọ́ kì í tutù tó fíríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju inú yàrá lọ. Ní ìdájí, èmi tí mo ti fẹ̀yìntì gun àkàbà, mo fọ páánẹ́ẹ̀lì nínú ìdákẹ́jẹ́ tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Ìlobùú: kò sí ọkọ̀, kò sí ìpolówó ọjà, àkùkọ nìkan. Èéfín ń rú ní ọ̀nà jíjìn. N kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní aago mẹ́wàá, 6 ló ń wọlé, 10 àti ààbọ̀ ló ń jáde. Mo tún tẹ̀ ẹ́ láago, mo kà á. Ó ní, "A dúpẹ́, sà. Ẹ kí Màmá." Nígbà tí ó fi di ìrọ̀lẹ́, fíríìjì ti ń kùn bí oyin. Ínsúlíìnì ìyá mi kò bàjẹ́.

Nígbà tí nǹkan rọlẹ̀, tí ọ̀nà là, Ẹnjiníà wá fúnra rẹ̀. Ó rù díẹ̀. Ìyá mi kò jẹ́ kí ó dọ̀bálẹ̀ tán tí ó fi dì í mú. Ó ní kí ìyàwó mi rẹ ẹ̀wà. Ọdún kẹwàá rèé tí ìyá mi ti pa àkàrà tì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn òun fúnra rẹ̀ ló jókòó ti agbada. Mo bi Ẹnjiníà pé èló ni owó iṣẹ́ orí fóònù. Ó ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n jẹ àkàrà mi."

Ẹ̀yin ará, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra sólà, ẹ má fi lẹ́tà tí wọ́n kọ sí àpótí ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí oòrùn bá ń ràn dáadáa tí bátìrì kò sì tíì kún, ẹ ní kí wọ́n wọn áńpíà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lójú yín; bí fótééjì páánẹ́ẹ̀lì bá ga ju ti bátìrì lọ dáadáa, èyí tó ń jáde gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ẹ fún páánẹ́ẹ̀lì ní atẹ́gùn, ẹ fọ eruku rẹ̀ ní ìdájí, ẹ ṣọ́ òjìji. Kí ẹ sì rántí pé ojú ọjọ́ kì í dúró. Ohun tí ó tọ́ láàárọ̀ lè ṣàì tọ́ lọ́sàn-án, ẹni tí ó bá sì takú sójú kan ni yóò pàdánù.

Ìyá mi ní òun ti mọ èyí láti ẹ̀bá títì. Ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, bí àwọn àgbà ìlú méjèèjì bá lè máa gbé e sókè díẹ̀, kí wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, wọn yóò bá ojú tí ó dára jù pàdé. Mo ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀ fún yín.